Kẹ́mi, mo ti wo fíìmù yẹn o

Kẹ́mi ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni, ṣé àlàáfíà lo wà? Má bínú pé n ò tètè fèsì, ìwọ náà lo fà á, ìwọ lo ní kí n lọ wo Honeyland, fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi yẹn, mo wò ó tán ni mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti rò pé òkè àti ìkùukùu ni wọ́n á kàn máa fi hàn mí, kí ẹnì kan wá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Kò sí aláàlàyé kankan níbẹ̀! Hatidze, obìnrin tó ń sin oyin, àti ìyá ẹ̀ tí ò lè dìde mọ́ ló kù lábúlé orí òkè yẹn ní Àríwá Masẹdóníà, kò síná, kò sómi ẹ̀rọ. Á rọra máa fẹ̀gbẹ́ àpáta lọ, á ṣí òkúta kúrò lẹ́nu ilé oyin, á gé afárá, ìdajì ló máa mú, ìdajì yòókù tàwọn oyin ni.

Ìgbà tí ọkùnrin kan, Hussein, wá kó màálù àti ọmọ rẹpẹtẹ dé, tóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin, mo bú u o, mo bú u gan-an. Àmọ́ alájàpá tó ń ra oyin lọ́wọ́ ẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi, kó kó gbogbo ẹ̀ wá ṣáá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ fẹ́ jẹun. Ló bá kó o tán, làwọn oyin tiẹ̀ bá ya lu ti Hatidze, wọ́n pa wọ́n. Alájàpá sì ti sọ̀kalẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú fíìmù Sherpa náà nìyẹn. Àwọn tó yà á wà ní òkè Everest nígbà tí yìnyín ya lulẹ̀ ní April 18, 2014, ó pa èèyàn 16, ọmọ Nepal ni gbogbo wọn, iṣẹ́ àwọn tó sanwó láti gun òkè ni wọ́n ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ní àwọn ò gun òkè mọ́ lọ́dún yẹn, inú wá ń bí àwọn kan tó ti sanwó! Orí òkè ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà lọ, ìsàlẹ̀ ni wàhálà ti ń gùn wá.

Ọdún 3 ni wọ́n fi ya ti Hatidze, wọn ò sì gbọ́ èdè Tọ́kì tó ń sọ, àfi kí wọ́n máa wojú. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó dùn tó bẹ́ẹ̀, n ò tiẹ̀ mọ̀. Àmọ́ ìyá yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣó yẹ kí wọ́n súnmọ́ ọn tó yẹn? Ọkàn mi ò gbà á tán.

O rántí ibi tí Hatidze ti ń ra aró irun lọ́jà ní Skopje, olú ìlú wọn? Ẹ̀rín pa mí. Fi fíìmù tó o ní o tún rí ránṣẹ́ jàre.

Èmi ni,
Tádé