Sí Àjàní, Lórí Páálí Owó Tí O Fẹ́ Rà

Iléṣà.

Àjàní ọmọ mi,

Mo rí àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, inú mi sì dùn pé ara ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ le. Ìyá rẹ ń kí yín.

Ìmọ̀ràn mi lórí páálí owó Amẹ́ríkà tí o fẹ́ rà kò gùn: ra ẹyọ kan, má ra ogún.

O ní o rí iye tí wọ́n ń ta páálí Botanic Garden ti 1997, èyí tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọgbà ewéko ìjọba Amẹ́ríkà, o wá fẹ́ kó owó àjọ rẹ lé ti Jefferson, ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí tìrẹ náà lè gbówó lórí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọra lóòótọ́. Dọ́là fàdákà kan, sẹ́ńtì márùn-ún kan àti owó bébà kan ni ìjọba Amẹ́ríkà dì sínú méjèèjì. Ti Jefferson, tí wọ́n fi ṣe ìrántí 250 ọdún tí wọ́n bí i, ni èmi tilẹ̀ fẹ́ràn jù. Òun ló wà lára dọ́là fàdákà, òun ló wà lára sẹ́ńtì márùn-ún, òun náà ló tún wà lára bébà dọ́là 2 ti 1976. Ẹni tó to ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n fàdákà yẹn kọ́ ló ń gbé owó páálí lọ sókè, bó tilẹ̀ wúwo ju gíráàmù 26 lọ. Sẹ́ńtì márùn-ún ni! Wọn kò rọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ti ọjà. Kò dán, ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀ bíi gíláàsì tí wọ́n fi yanrìn ha. Inú páálí wọ̀nyí ni wọ́n kó o sí, nítorí náà ẹni tó bá ń to sẹ́ńtì márùn-ún kò fẹ́ kí ó wọ́n òun. Ti 1997, 25,000 péré ni wọ́n ṣe. Ti inú páálí Jefferson, tí wọ́n kọ 1994 sí lára, jẹ́ 167,703. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje. Kí ló máa wá gbé e dé iye ti èkejì? Àwọn tó ń tà á fún ọ mọ ìṣirò yìí dáadáa.

Bàbá mi àgbà jẹ́ òṣómàáló. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá bi ọ́ pé owó tí a kò lè fi rajà, tí a kò lè yá èèyàn ká sì lóṣòó gbà á padà, kí la fẹ́ fi ṣe?

Àwọn páálí tó jáde láti 2014 sí 2016, dọ́là onírin kan àti dọ́là bébà kan, kò ní wàhálà nínú. Èyí tó wù mí ni ti 2015, tó ní àwòrán àwọn Mohawk, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, tó to irin ilé gogoro New York. Bí o bá rí i, ra á fún àwọn ọmọ.

Tó bá jẹ́ ti Jefferson lo máa mú, má gba èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀. Wo sẹ́ńtì márùn-ún náà lábẹ́ iná. Bó bá ń dán bíi ti inú àpò rẹ, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Wo igun bébà náà, kò gbọdọ̀ ká. Kí ìwé tó bá a wá pé. Tó bá dé ilé, etí owó náà ni kí o ti máa dì í mú, má sì fọ̀ ọ́ rárá.

Ti náírà tuntun tí o ní kí n máa bá ọ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níbi ìnáwó, n kò ní ṣe é. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ṣe kaṣíà báǹkì títí tó fi fẹ̀yìn tì ni kó wá máa jẹ́jọ́ nítorí náírà márùn-ún!

Dípò ìyẹn, mo ti to ti 1973 sílẹ̀ fún ọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná mọ́: ààbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan, márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pẹ̀lú bébà àádọ́ta kọ́bọ̀ àti ti náírà kan. Bébà náírà márùn-ún àti mẹ́wàá ló kù. Èyí tí mo ń rí ti gbó jù. Ẹni tó ń kó gààrí yín bọ̀ nígbà Kérésì yóò mú wọn dání. Sọ fún un kó má kó wọn sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfurufú.

Èmi ni bàbá rẹ.