Fáàfù tó ń jó nígbà tí a kò ta gìtá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwa onígìtá Àkúrẹ́ àti Oǹdó létí, pàápàá àwa tí a ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé owó fáàfù, ìyẹn ìgò kékeré tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá nínú áńpílífáyà, ti fẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn.

Nínú irú áńpílífáyà oní-fáàfù tí wọ́n ń pè ní Class A, fáàfù tó ń gbé ohùn jáde kì í sinmi. Bí a bá gbé gìtá sílẹ̀ tí a jókòó ti ìwàásù, iná ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti ìgbà tí a ń ta á. Kódà, ìgbà náà gan-an ló ń gbóná jù, nítorí pé agbára tí ì bá bá ohùn jáde ti di ooru sí i lára. Ooru tí EL84, ọ̀kan lára irú fáàfù tó ń gbé ohùn jáde yìí, lè gbà mọ́ra kò ju wáàtì 12 lọ, etí ìwọ̀n yìí sì ni Class A máa ń gbé e dé.

N kò sọ pé ká pa á tì. Bí mo bá fọwọ́ kan okùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohùn rẹ̀ a mọ́ bí agogo. Bí mo bá ta á kíkankíkan, ohùn náà a nípọn, kò sì ní gún ni létí. Gìtá jùjú tí ń dá ara wọn lóhùn nílò irú rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo wo ẹ̀yìn áńpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa lálẹ́, mo rí i pé irin inú ọ̀kan nínú EL84 méjèèjì ti pọ́n bí ẹ̀yín iná. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní ká pààrọ̀ fáàfù márààrún. Mo kọ̀, nítorí pé fáàfù 12AX7 mẹ́ta tó wà níwájú, tó kọ́kọ́ ń gba ohùn gìtá, kì í ṣe iṣẹ́ agbára, wọ́n sì máa ń pẹ́ gan-an. EL84 méjèèjì nìkan la pààrọ̀, ó sì ń dún dáadáa.

Iná ìjọba náà ní tirẹ̀. Fóòtì 6.3 ni wáyà tín-ín-rín inú fáàfù ń fẹ́. Bí iná ilé bá ti 230 gòkè dé 260, ó ti di bíi 7.1 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ra sitẹbiláísà, kí a sì pa áńpílífáyà bí ìwàásù bá máa gùn. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a má pa á, torí pé títàn-pípa lemọ́lemọ́ ń ba wáyà yẹn jẹ́. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe: ẹ fi mítà wọn iná tó ń gba inú fáàfù kọjá kí ẹ tó sọ fún wa pé ó ti kú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì kan, Àkúrẹ́.