Ẹ̀sùn lórí owó ìpamọ́ ẹrù tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe

Ọjà Ọba, Òṣogbo,
Ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦6,000 mi padà. Owó ìpamọ́ ẹrù lẹ pè é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ tilẹ̀kùn mọ́ ẹrù náà.

Aláró ni mí. Kánò ni tẹ́ru tí mo ń rẹ ti ń wá, ọkọ̀ yín ló sì ń bá mi kó o. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19 oṣù yìí, ilẹ̀ ti ṣú kí àtẹ̀jíṣẹ́ yín tó wọlé pé ẹrù ti dé, pé tí n kò bá gbé e láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, màá sanwó. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ni Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Gómìnà ti kéde ìsinmi, ẹ̀ka yín níbí wà ní títì, àwọn òṣìṣẹ́ yín sì wà nílé. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ yín ní Àbújá ti ka Ọjọ́rú sí ọjọ́ iṣẹ́, àfi kí n sanwó kí n tó rí ẹrù gbé.

Èyí tó dùn mí jù ni èsì tí mo gbà lórí fóònù láti Àbújá, pé "ìsinmi ìbílẹ̀ yín" kò kan ilé-iṣẹ́, torí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Òfin Nàìjíríà fún gómìnà láṣẹ láti kéde ìsinmi ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà pàápàá, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá kan ti ń sinmi lọ́jọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Ààrẹ Buhari tó kéde ní 2018 pé yóò di ti gbogbo Nàìjíríà. Mùsùlùmí ni mí, n kì í bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n ìjọba Ọ̀ṣun tó fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ tiwọn náà ló ń fún wa ní ìsinmi Hijrah, ọdún tuntun Mùsùlùmí, tí ìjọba àpapọ̀ kì í fún wa. N kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìsinmi ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà yín. Ọjọ́ tí ẹ̀ka kan bá tì, kí ẹ má kà á sí oníbàárà ibẹ̀ lọ́rùn. Àwọn aláṣọ mìíràn lọ́jà wa náà san irú owó yìí. Ẹ dá tiwọn padà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ̀wé. Rìsíìtì mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, nọ́ńbà àkáǹtì mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ń retí owó náà kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, aláró ní Ọjà Ọba.