Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká dáwó jọ kí káńsù tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà àti páàkì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gbé àdúgbò àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ síbòmíì ṣùgbọ́n tí ilé bàbá yín ṣì wà níbẹ̀, gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí ọ̀rọ̀ owó ni àmọ́ kì í ṣe owó nìkan.

Ẹ ti gbọ́ pé káńsù ìlú fẹ́ jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pinnu bóyá wọ́n máa fowó sí gọ́tà ńlá àdúgbò wa àti pápá tó wà nísàlẹ̀ yẹn, tá a fẹ́ kí wọ́n sọ di páàkì. Ohun tó ń dé etí wa ni pé àwọn kan nínú wọn ní gọ́tà ló ṣe kókó, kí wọ́n ṣe ìyẹn ná, kí páàkì ṣì dúró torí fàájì lásán ni. Ẹgbẹ́ ò fara mọ́ ọn, èmi gan-an ò fara mọ́ ọn rárá.

Ìgbà tí omi wọlé wa gbẹ̀yìn, òru ni. Ìró kọ́ọ̀pù ike tó ń gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló jí mi, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sínú omi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin mi kó àwọn ìwé ẹ̀ sójú wíńdò, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya ojú ewé kan kúrò lára ìkejì, báírò ti ṣàn di búlúù káàkiri, ó wá ń bi mí pé ṣé tíṣà òun á gbà pé òun ti ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ilà tí omi yẹn fà sára ògiri ṣì wà níbẹ̀, ó dé orúnkún mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ má kùn ún ni kí àwọn káńsù lè fojú ara wọn rí i.

Ibo lomi yẹn ti ń wá? Òkè ni. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà yẹn, koríko àti igi pọ̀ lókè, ilẹ̀ ń mu omi, ní báyìí kọnkéré ti bo gbogbo ẹ̀, omi tí ilẹ̀ ń mu díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn ló ń sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, omi ò wọlé yín lóòótọ́, àmọ́ omi orí òrùlé yín ló ń wọlé wa, mi ò sọ ọ́ láti bá yín jà o, mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí òjò tó tó mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1 tó sì fẹ̀ ní mítà 1, omi lítà 1 ni. Tó bá wá rọ̀ tó mílímítà 50 sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 100 tó fẹ̀ ní mítà 70, ìyẹn bíi pápá bọ́ọ̀lù kan, lítà 350,000 nìyẹn, pápá kan péré la ṣì ń sọ, a ò tíì ka ilé kankan mọ́ ọn. Gọ́tà tó máa gbé gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣòro láti rí, àfi kí omi ríbi dúró sí ná kó tó máa lọ. Tí wọ́n bá wá kàn fẹ gọ́tà lókè tí wọn ò ṣe ìsàlẹ̀, ṣe lomi á túbọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà nísàlẹ̀.

Pápá yẹn ni ibi tí omi lè dúró sí. Wọ́n á gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀, wọ́n á gbin koríko sí i, àwọn ọmọ á máa ṣeré níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí òjò ńlá bá dé omi á dúró síbẹ̀ dípò pálọ̀ èèyàn. Kì í ṣe àlá o. Ní Rotterdam lórílẹ̀-èdè Netherlands, láti 2013 ni wọ́n ti ní gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Benthemplein, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí òjò bá pọ̀ á di adágún omi. Ní Copenhagen lórílẹ̀-èdè Denmark, òjò 2 July 2011 wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù rẹpẹtẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tún páàkì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Enghaveparken gbẹ́, wọ́n ṣí i padà ní 2019, ó lè gba omi tó lé ní lítà mílíọ̀nù 20.

Àwọn kan ti ń bẹ̀rù ẹ̀fọn, ẹ̀rù wọn sì tọ́. Ẹyin ẹ̀fọn máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò, torí náà ohun tá a gbọ́dọ̀ rí i pé ó wà nínú plan ni pé kí omi ti gbẹ kúrò ní pápá láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Plan yẹn gan-an la ò tíì ní, òun la fẹ́ fi owó yìí ṣe. Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wọn bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí, kó wọn gọ́tà láti òkè délẹ̀, kó yà á sórí pépà, ká gbé e síwájú káńsù kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò mọ ibi táwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Iye tí agbára kálukú bá ká ni kó mú wá, kò sí owó tó kéré jù, akápò á kọ rìsíìtì fún yín lójú ẹsẹ̀, a ó sì ka gbogbo ìnáwó sétígbọ̀ọ́ yín ní ìpàdé. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá dẹ̀, tó bá ní fọ́tò tàbí fídíò ọjọ́ tí omi wọlé ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tó yà á, ìyẹn náà owó ni. Lọ́jọ́ ìjókòó káńsù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá kún ibẹ̀, kódà tẹ́ ò bá ní sọ̀rọ̀.

Èmi ti san tèmi. Lọ́jọ́ tí ẹnjiníà bá wá, ó máa fẹ́ ẹni méjì tó máa bá a di téèpù mú láti ẹnu gọ́tà dé pápá, mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀, ó ku ẹnì kan.