Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Kwara Lórí Bí Owó Eré Ayò Ṣe Ń Pín

Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti káfíńtà tó ń gbẹ́ ọpọ́n ayò, Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀

Sí: Àwọn Ọlọ́lá Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀fà, Ọ̀yun, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìnira ará ìlú. Ọlọ́run á máa bá yín gbé e.

Àwa tí a kọ ìwé yìí, igi la fi ń jẹun. Àwọn kan nínú wa bá iṣẹ́ gbígbẹ́ nílé bàbá wọn. Àwọn yòókù jẹ́ káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti òrùlé, tí wọ́n wá fi ọpọ́n ayò kún un. Ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba ń yà sọ́tọ̀ fún eré ayò ló gbé wa wá síwájú yín. Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀: owó tí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ ayò gbà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ìdí ọpọ́n kó tó dé ibòmíràn.

Ayò kì í ṣe eré abẹ́ igi lásán mọ́ lójú ìjọba. Ó wà lára àwọn eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń díje nínú wọn níbi Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973, tí wọ́n sì ṣe ní Abẹ́òkúta ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Òun pẹ̀lú abula, dambe, kokowa àti lánga ni wọ́n jọ dì sínú ẹrù kan. Nítorí èyí, ayò ní àwọn aláṣẹ lókè, ó ní àwọn aláṣẹ ní ìpínlẹ̀, ó tún ní ìgbìmọ̀ nísàlẹ̀ níbí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní alága, akọ̀wé àti akápò. Owó tó bá ti òkè sọ̀ ń gba ọwọ́ wọn kọjá, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ìnáwó tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ yọ kó tó ta èyí tó kù sísàlẹ̀. Èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ bá fi sí i, abẹ́ orúkọ "eré ìdárayá" ló máa ń wà, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, eré sísá àti gbogbo ìyókù. Ta ló máa wá mọ èyí tó jẹ́ ti ayò níbẹ̀?

A kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ọ̀nà tí wọ́n là fún owó náà ló gùn jù, kò sì sí ẹnìkan lójú ọ̀nà náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé, "Ẹni tó ń ta ayò ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣojú wa. Ìgbìmọ̀ kan tó ṣètò ìdíje ayò wá bá wa pé àwọn ń fẹ́ ọpọ́n. A kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní owó ti jáde, kí a ṣáà máa kó ọpọ́n bọ̀, pé bí ìdíje bá ti parí wọ́n á san án. A gbà. Inú wa tiẹ̀ dùn pé wọ́n rántí eré náà. A gbẹ́ ọpọ́n, a ra ìdè, a fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán, a kùn ún. Ìdíje lọ dáadáa: àwọn àgbà ta, àwọn ọ̀dọ́ ta, òǹwòran ń pariwo lé ọ̀pẹ̀, ẹni tí kò mọ ayò ta, lórí, wọ́n ń yẹ́ ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa, sí. Lẹ́yìn rẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tí a ń bọ̀ nítorí owó wa. Nígbà tó pẹ́, akápò wọn, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, mú ìwé ìnáwó jáde láti fi hàn wá pé òun kò jẹ owó. Lóòótọ́, kò jẹ ẹ́. Owó mọ́tò àwọn aláṣẹ wà níbẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, owó ìjókòó ìpàdé, owó kánópì àti àga, owó bánà tí wọ́n tẹ àwòrán àwọn aláṣẹ sí, owó aṣọ àwọn aláṣẹ, owó oúnjẹ àlejò pàtàkì, owó oníròyìn. A wo ìwé náà lójú àti lẹ́yìn. Ọpọ́n kò sí níbẹ̀. Ọmọ ayò kò sí níbẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ayò.

Gbèsè náà dùn wá, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló dùn wá jù. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n jókòó, wọ́n ro gbogbo ohun tí ìdíje ayò ń fẹ́, ayò fúnra rẹ̀ kò sì wá sí wọn lọ́kàn.

Bóyá àwọn kan rò pé ọpọ́n kì í náni ní nǹkan kan. Pákó tó nípọn la fi ń ṣe é, torí ihò gbọ́dọ̀ jìn tó kí ọwọ́ àgbàlagbà lè wọ inú rẹ̀ kó sì kó gbogbo ọmọ jáde láì jẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Igi tí a bá rà ní sọ́míìlì ṣì tutù. Ẹni tó bá fi igi tútù gbẹ́ ọpọ́n, kí ọyẹ́ tó lọ, ọpọ́n náà á ti ya láti ihò kan dé èkejì. Nítorí náà, igi gbọ́dọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan kó tó gbẹ, owó wa ló sì jókòó yẹn. Ìrókò àti apá dára púpọ̀, àmọ́ wọ́n ti wọ́n kọjá agbára ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù. Arère rọ̀ lábẹ́ irin, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí etí ihò rẹ̀ tó fọ́. Ihò 12 ni, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ihò tí kò jìn tó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń ta bá kó òdù, ìyẹn ọmọ púpọ̀ nínú ihò kan, sí i, ọmọ á máa tú sílẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Nínú ìdíje, níbi tí wọ́n ti ń ka ọmọ ayò kan mọ́ ọ̀kan, ọpọ́n burúkú lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí.

Ọmọ ayò náà ti ń di ọ̀wọ́n. Ọmọ 48 ni ọpọ́n kan ń gbà, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń so ó kì í ṣòro rí tẹ́lẹ̀; wọ́n máa ń fi ṣe ọgbà pàápàá. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń ṣán an dànù, torí ẹ̀gún rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé wá ń kó sínú ọpọ́n báyìí. Òkúta ń họ ìdí ihò, á sì mú ọpọ́n tó yẹ kí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ gbó ní kíákíá. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá lè gbin igi ayò díẹ̀ sí etí ọgbà rẹ̀, ìṣòro yìí kò ní pẹ́ tán, ìnáwó rẹ̀ kò sì tó owó bánà kan.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ló ń ṣe wá. Ìrá tó wà ní Ọ̀yun ni ìlú Rashidi Yekini, níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí ní 2012. Òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé, ní 1994, nínú ìdíje pẹ̀lú Bùlgéríà. Ọmọ wa ni, a sì ń fi yangàn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gba owó bọ́ọ̀lù fún ayò kò bá wa sọ ọ́. Owó kékeré tí wọ́n bá ti fi orúkọ ayò gbà, òun nìkan la ní kó ṣe iṣẹ́ ayò. Ọ̀rọ̀ ìjàkadì náà wà nílẹ̀, nínú ìlú tí oríkì rẹ̀ ń pè é ní "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", àmọ́ a ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí bí owó ẹni bá ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni owó ìjọba ìbílẹ̀ fi ń wọ inú àpò àjọni pẹ̀lú ìpínlẹ̀, tí ẹ ń dúró de èyí tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Gbogbo wa la yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí tí ilé ẹjọ́ fi rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún yín, òun náà la fi ń bẹ̀ yín pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún ìdí ọpọ́n.

Ohun tí a ń tọrọ nìyí. Nínú ètò ìsúná ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ayò ní ìlà tirẹ̀, kó má ṣe sọnù sínú "eré ìdárayá". Iye yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó kéré, kí ìdajì rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sórí ọpọ́n, ọmọ ayò, ibi ìjókòó àti owó àwọn àgbà tó máa kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí ìyẹn bá ti dúró, kí wọ́n wá fi ìdajì kejì ṣe mọ́tò, aṣọ àti ìpàdé. Kí wọ́n lẹ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe mọ́ pátákó ìkéde ní sẹkitéríàtì, ní èdè Yorùbá, kí àwọn àgbà tó ń ta ayò lè kà á. A mọ̀ pé Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ará ìlú láàyè láti béèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ 7 láti fèsì. A kò gbé òfin wá bá yín jà. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, torí a gbà pé bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ó níyì ju kí a máa kọ̀wé béèrè lọ.

Nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà, ẹ fi ẹni méjì tó ń ta ayò sí i, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ ayò nílé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n abẹ́ igi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí kì í ṣe ibi tí wọ́n á lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ni àyè tiwọn, bí ọpọ́n bá lè dé ibẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀, kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ sí Ìlọrin. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọ́fà tàbí Òsì á wọ mọ́tò lọ, á wọ mọ́tò bọ̀, lápò ara rẹ̀, lórí ọ̀nà tí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí àwọn ènìyàn máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jáde nílé. Ẹ jẹ́ kó máa yí ká láàárín ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje. Ó rọrùn kí adájọ́ díẹ̀ gbéra ju kí gbogbo ọ̀ta Gúúsù Kwara gbéra lọ.

Ọ̀rọ̀ àyè ìjókòó náà wà níbẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti gbangba ìlú sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àgọ́ kan tó ní òrùlé, bẹ́ǹṣì àti iná, lẹ́bàá ọjà tàbí lójúde sẹkitéríàtì, kò kọjá agbára yín.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ọjà wọn ni wọ́n ń wá. Lóòótọ́, àwa la ń gbẹ́ ọpọ́n, bí ìjọba bá ra ọpọ́n a ó jẹ nínú rẹ̀, a kò ní fi bò. Nítorí náà ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa nìkan. Ẹ pe gbogbo ẹni tó ń gbẹ́ ọpọ́n, kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn wá, kí àwọn tó ń ta ayò fúnra wọn ki ọwọ́ bọ ihò kí wọ́n sì mú èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ san ìdajì owó fún ẹni tí ẹ bá yàn kó tó ra igi, torí àwìn ti pa ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ lágbègbè wa. Ní tiwa, ọpọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó bá fọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ wa á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni yòówù kó gbẹ́ ẹ. A ti ṣèpàdé lórí èyí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí i.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A rí i pé àwọn kan nínú yín ti ń ṣètò ìdíje ayò nígbà ọdún ìbílẹ̀, pé ẹ sì ń fi àpò ara yín kún un nígbà mìíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ètò tó bá wà lórí àánú alága kan, bí alága náà bá lọ, ètò náà lọ nìyẹn. Ìlà inú ìsúná la fẹ́, èyí tí alága tó ń bọ̀ máa bá níbẹ̀.

A bẹ̀ yín kí ẹ fún wa ní ọjọ́ kan tí a lè wá rí yín kí ètò ìsúná tó dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀. Ẹni mẹ́ta ni a ó rán wá sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ẹni kan tó ń ta ayò, àti olùkọ́ kan. A ó mú ọpọ́n tó dára àti èyí tó ti ya dání, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀ wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Ìyálọ́jà àwọn tó ń ta ọmọ ayò

Ẹ̀dà sí: àwọn Ọba Aládé ìlú wa, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje, Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí eré ìdárayá, Ìlọrin