Sólò tí wọn kò fún ọ

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lóru àná. O ní o fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin yín ní Ifẹ̀, torí pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ní sólò, ìwọ kàn ń gbè é lẹ́yìn ṣáá. O ní Glee, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé kan, tí ẹ ń wò ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì ló là ọ́ lójú, pé ìwọ gan-an ni Mercedes, ọmọbìnrin olóhùn ńlá tí wọn kì í sábà fún ní sólò. Mo rẹ́rìn-ín títí. O ò tíì mọ̀wé kà nígbà tí èmi ti ń wò ó!

Mo fẹ́ràn eré yẹn, mo sì máa ń bá a jà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí wọ́n ń da omi dídì aláwọ̀ sójú àwọn ọmọ ilé-ìwé McKinley ní ìlú Lima, ní Ohio, torí pé wọ́n ń kọrin, mo sunkún bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Ṣùgbọ́n irọ́ ibẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan á ní òun ní orin kan, kíá, àwọn onílù ti dé, Brad ti jókòó sídìí dùùrù, oníkálukú ti mọ ohùn tirẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe ìdánrawò? Inú sítúdíò ni wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó ya eré, ọmọ mi. Cory Monteith tó ṣe Finn ti pé ẹni ọdún 27 nígbà tó ń ṣe ọmọ ilé-ìwé. Ẹsẹ̀ Kevin McHale tó ṣe Artie, ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, sì dá ṣáká. Ṣé kò sí ọ̀dọ́ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tó lè kọrin ní gbogbo Amẹ́ríkà ni?

Ti Mercedes, òótọ́ lo sọ. Bí orin bá ti fẹ́ parí, wọ́n á ní kí Amber Riley tó ṣe é ké ohùn kan tó máa mi ilé, lẹ́yìn náà Rachel, ẹni tí wọ́n sábà máa ń fún ní sólò, á tún bọ́ síwájú. Ìrẹ́jẹ ni. Àmọ́ o ò sọ ìyókù: ní sáà kẹta ó bínú kúrò, ó lọ bá àwọn Troubletones, ẹgbẹ́ akọrin kejì ní ilé-ìwé náà, orin Adele tí wọ́n kọ mú mi dìde lórí àga. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ló borí wọn nínú ìdíje, ó sì padà sí i.

Kurt, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà, ni mo fẹ́ kí o wò. Wọ́n gbé sólò kan fún Rachel láì gbọ́ ohùn Kurt. Burt, bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì tí kò mọ ohunkóhun nípa irú orin bẹ́ẹ̀, gbéra, ó lọ bá wọn ní ilé-ìwé. Wọ́n bá ní kí àwọn méjèèjì wá kọ ọ́. Kurt mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ohùn òkè tó le jù lọ, torí ẹnì kan ti pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó bú u nítorí ọmọ rẹ̀, Kurt kò sì fẹ́ kí wọ́n tún bú u mọ́. Bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti wo ibẹ̀ yẹn.

Mi ò ní ṣe Burt fún ọ o, o ti dàgbà jù. Ṣùgbọ́n ṣé olórí akọrin yín ti gbọ́ ohùn rẹ ní ìwọ nìkan rí? Ṣé o béèrè?

Ọdún 11 ni mo fi kọ alto, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó fún mi ní ẹsẹ orin kan láti dá kọ. Àwọn ènìyàn ń pè é ní sùúrù. Kì í ṣe sùúrù, ẹ̀rù ló bà mí, mi ò béèrè rí.

Dúró de olórí akọrin yín lẹ́yìn ìdánrawò, kí o sọ fún un pé kí ó dán ọ wò. Má fi wọ́n sílẹ̀ kí ètò yín tó kọjá, alto mẹ́ta péré ni ẹ̀yin. Tí ó bá gbọ́ ọ, tí ó sì tún ń ṣe ojúsàájú, máa bọ̀, mi ò ní bá ọ wí.

Ya àwòrán tonic sol-fa orin sólò náà ránṣẹ́ sí mi. Màá pè ọ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí a jọ kọ ọ́.

Èmi ni,
Màámi rẹ