Ẹ̀sùn Lórí Púlọ́ọ̀gì Tí Ẹ Tà Fún Mi Ní Iridium

Agric, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Nítorí púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ mẹ́rin, èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Sábó ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Iridium, irin olówó ńlá nì, lẹ kọ gàdàgbà sára páálí, owó iridium lẹ sì gbà. Ohun tó wà nínú páálí kì í ṣe iridium.

Ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mísì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12. Tí mo bá ti tẹná mọ́ ọn, ṣe ló ń jẹ́ẹ̀kì. Mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì, a nu èéfín ara wọn, a gbé wọn sí oòrùn. Irin àárín nípọn tó 2.5 mm, etí rẹ̀ ti jẹ, ó ti rí roboto bí orí ìka. Àlàfo tí iná ń fò kọjá lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, tí ìwé ọkọ̀ mi ní kó jẹ́ 1.1 mm, ti di 1.5, bẹ́ẹ̀ àlàfo tó bá fẹ̀ jù máa ń ni kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná lára. Ṣóńṣó iridium tòótọ́ kì í tó 1 mm, òmíràn ò ju 0.4 lọ, èèyàn á sì rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o mọ́ irin tó gbé e. Kò sí ojú jíjó kankan lára tiyín. Irin níkẹ́lì lásán ni.

Mi ò bá níkẹ́lì jà o. Kò wọ́n, téèyàn bá sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 30,000 kìlómítà, kò níyọnu. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ló ń bù jẹ lára irin ibẹ̀. Níkẹ́lì ń yọ́ ní 1,455°C, iridium ní nǹkan bí 2,446. Torí pé iridium le tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè ṣe é tín-ín-rín, kí iná tètè ṣẹ́, kó sì tún ṣeé lò tó 100,000 kìlómítà. Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn.

Èsì tí ọmọ yín fún mi ló wá dùn mí jù. Ó ní bàbà ló wà nínú tiyín, pé bàbà ń gbé iná ju iridium lọ. Òótọ́ ni pé ó ń gbé e, àmọ́ inú púlọ́ọ̀gì lọ́hùn-ún ni bàbà máa ń wà, tó ń fa ooru kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì iridium náà ní in. Wọn kì í fi í ṣe ẹnu púlọ́ọ̀gì ọkọ̀, torí 1,085°C ló ti ń yọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mọ́.

Ẹ dá owó mi padà. Ẹ kó ìyókù kúrò lórí igbá, torí àwọn onítakisí tó ń fi ọkọ̀ jẹun ní Ìkòròdú yìí ń rà á lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ kọ níkẹ́lì sí i lára, kí ẹ tà á ní iye níkẹ́lì.

Rìsíìtì, páálí àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí wọ́n kọ irọ́ sára ọjà. Bí mi ò bá rí èsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mo máa kó gbogbo rẹ̀ lọ bá.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.